Ọwọ́ Tí Yóò Tún Wé Gèlè

Iṣẹ́ ọwọ́ ló gbé Challenge, àdúgbò wa ní Ìbàdàn, ró. Bí èèyàn bá ti ọ̀nà Mọ́lété bọ̀ títí dé orítà, tó sì yà sí ọ̀nà Félélé, ọwọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni yóò máa rí: ti aránṣọ tó ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì, ti onídìrí tó ń la irun, ti alákàrà tó ń da ẹ̀wà lílọ̀ sínú epo gbígbóná, ti fọganáísà tó ń tú táyà, ti obìnrin tó gbé igbá ọsàn karí tó sì fi ọwọ́ kan dì í mú bó ṣe ń sọdá títì. Ní irú àdúgbò báyìí, ọjọ́ tí apá bá kọ̀ ni owó náà kọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ yin iṣẹ́ kan tí kì í pariwo ara rẹ̀: ètò tí àwọn oníṣègùn ń ṣe fún ẹni tó gba ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ, kí ara rẹ̀ lè padà bọ̀ sípò, kó sì tún lè máa ṣe ohun tó ń ṣe kí àìsàn tó dé.

Nígbà tí aláìsàn bá gba kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tó kẹ́yìn, tí ìtọ́jú onítànṣán náà sì parí, inú ẹbí máa ń dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí kí wọ́n pe àwọn ààfáà wá ṣàdúà nílé. Lẹ́yìn náà, kálukú á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì máa retí kí ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yá padà sẹ́nu tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni òun fúnra rẹ̀ yóò ṣàkíyèsí pé apá kò gòkè mọ́, pé ìka ẹsẹ̀ ń ta òun tàbí kó kú débi pé kò mọ ilẹ̀ tó ń tẹ̀, pé bí òun bá gbá yàrá kan péré, àfi kí òun sinmi. Jẹjẹrẹ ti lọ, àmọ́ ohun tí ìtọ́jú rẹ̀ fi sílẹ̀ nínú ara ṣì wà níbẹ̀. Àjọ IARC, tó ń ṣírò àrùn jẹjẹrẹ káàkiri àgbáyé, ní èèyàn tó lé ní 120,000 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà ní ọdún 2022 nìkan, ti ọyàn ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Gbogbo ẹni tí Ọlọ́run bá bá wa dá sí nínú wọn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni àádọ́ta ọdún, tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá títì, tó sì ń kọ́ ọmọṣẹ́ mẹ́ta. Wọ́n bá jẹjẹrẹ nínú ọyàn ọ̀tún rẹ̀. Dókítà gé ọyàn náà, ó sì yọ àwọn kókó kéékèèké tó wà lábẹ́ abíyá, nítorí pé ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ ọyàn sábà máa ń kọ́kọ́ gbà bó bá fẹ́ tàn kiri. Àwọn kókó yìí ní iṣẹ́ tiwọn. Omi kan wà nínú ara tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ń ti ìka àti apá bọ̀, ó ń gba abẹ́ abíyá kọjá kó tó padà dara pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, àwọn kókó náà ló sì ń sẹ́ ẹ. Bí wọ́n bá yọ wọ́n, tí ìtànṣán sì tún mú kí ẹran ibẹ̀ le, ojú ọ̀nà omi náà ti há nìyẹn. Ará Ìbàdàn tó bá mọ bí odò Ògùnpa ṣe kún wọ ìlú ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1980 yóò tètè lóye rẹ̀: odò tí ìdọ̀tí ti dí ojú ọ̀nà rẹ̀ kò lè dá òjò dúró, àárín ilé ni omi yóò gbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni omi ara ṣe ń yà sínú ẹran apá, tí apá á sì wú.

Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti ilẹ̀ púpọ̀ fi hàn pé ó tó obìnrin kan nínú márùn-ún lára àwọn tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn tí apá rẹ̀ ń wú báyìí. Ó lè bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ó sì lè tó ọdún mélòó kan kó tó yọjú. Ti èjìká tètè ń dé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ọgbẹ́ ń dunni, nítorí náà obìnrin á di apá mọ́ra, kò ní fẹ́ gbé e. Kí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó kọjá, èjìká ti gan. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní ìtọ́jú onítànṣán gbọ́dọ̀ lè dùbúlẹ̀ kó gbé apá yẹn kọjá orí, kí ẹ̀rọ lè rí àyà rẹ̀ dáadáa. Èjìká tó gan lè dá ìtọ́jú fúnra rẹ̀ dúró. Ìdí nìyẹn tí iṣẹ́ ìmúpadàbọ̀sípò kò fi lè dúró de ìgbà tí gbogbo ìtọ́jú bá parí.

Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, J. Herbert Dietz, ti là á sílẹ̀ láti ọdún 1969. Ó pín iṣẹ́ náà sí mẹ́rin: èyí tí a ń ṣe kí ìṣòro má baà wáyé rárá, èyí tó ń dá agbára tó sọnù padà, èyí tó ń ran ẹni tí agbára rẹ̀ kò lè padà tán lọ́wọ́ kó lè máa bá ayé rẹ̀ lọ, àti èyí tó ń mú ara tu ẹni tí àrùn náà kò ní fi sílẹ̀. Títí dòní, ètò tó dára ṣì ń ti inú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, kò sì sí aláìsàn kan tí kò rí ipò tirẹ̀ níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ètò náà wú mi lórí púpọ̀, nítorí pé kò gba ohun olówó ńlá. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, físíò, ìyẹn oníṣègùn tó ń fi ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú ara, á mú téèpù, irú èyí tí aránṣọ máa ń fi kọ́rùn gan-an, á sì wọn apá méjèèjì: ọrùn ọwọ́, ìsàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́, ìgbọ̀nwọ́, òkè apá. Á kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì. Nígbà tó bá tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà, bí ìyàtọ̀ tó tó sẹ̀ǹtímítà méjì bá ti yọ láàárín apá méjèèjì, ó ti mọ̀ pé omi ti ń jókòó, kódà kí ojú tó rí i. Lẹ́yìn téèpù ni ìbéèrè: “Mọ́mì, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Kí lẹ fẹ́ kí apá yìí tún lè máa ṣe?” Aránṣọ wa á ní òun fẹ́ lè na aṣọ sórí tábìlì kí òun gé e, òun fẹ́ lè ti áyọ́ọ̀nù, àti pé ìgbéyàwó ọmọ òun ń bọ̀, òun fẹ́ fọwọ́ ara òun wé gèlè. Físíò á kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí obìnrin náà fẹ́ fi apá rẹ̀ ṣe ni wọn yóò fi díwọ̀n ìtọ́jú.

Ẹni tí kò bá wé gèlè rí lè rò pé nǹkan kékeré ló béèrè. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wé e. Aṣọ á kọ́kọ́ wà níwájú orí, ọwọ́ méjèèjì á fà á lọ sẹ́yìn, ìgbọ̀nwọ́ á ṣí sí ẹ̀gbẹ́, èjìká á yí sóde, ìka á máa to ìṣẹ́po lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì fa ìdí rẹ̀ le nígbà tí apá ṣì wà lókè. Ìrìn èjìká tí kò sí nínú rẹ̀ kò pọ̀. Obìnrin tó bá ti lè wé gèlè fún ara rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń gé ètè jẹ ti gba èjìká rẹ̀ padà.

Ọ̀nà ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú nǹkan wẹ́wẹ́: kó di ẹ̀ṣẹ́ kó sì tú u, kó ká ìgbọ̀nwọ́ kó sì nà án, kó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ rọ́bà tó ń fa omi ojú ọgbẹ́, wọ́n á mú un lọ síwájú ògiri. Á dúró kó kọjú sí i, á ya ẹsẹ̀ díẹ̀. Á gbé ìka lé ògiri níbi tó bá ìgbáròkó dọ́gba, ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín á máa gbésẹ̀ gòkè, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, apá á sì máa tẹ̀ lé wọn. Níbi tí ara bá ti ń fà, á dúró, á ka ení dé ẹ̀wá, á mí sóde, á sì mú ìka sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe gùn ún, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Kò gbọ́dọ̀ já apá sílẹ̀ lójijì. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbi tí ìka dé. Lọ́jọ́ kejì, ó lè fi ìbú ìka kan kọjá ìlà náà, ó sì lè má dé ibẹ̀ pàápàá, bí kò bá sùn dáadáa lóru. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kejì, ìlà tó wà lára ògiri ti di mélòó kan, ti òkè ju ti ìsàlẹ̀ lọ. Mo ka àwọn ìlà yẹn sí ohun iyì. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ń kà wọ́n, wọ́n sì ń fi hàn án pé ara ń padà bọ̀, kódà lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kún fún ohun tó lè gún ìka tàbí kó jóni: abẹ́rẹ́, píìnì, sísọ́ọ̀sì, áyọ́ọ̀nù eléèédú. Apá tí wọ́n ti yọ kókó rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti lé kòkòrò àrùn jáde bíi ti tẹ́lẹ̀, egbò tí kò tó nǹkan lè di ńlá níbẹ̀. Ètò tó péye á sọ èyí ní pàtó. Á ní kó máa fi nǹkan bo ìka tó bá fẹ́ fi ọwọ́ rán aṣọ, kó tètè fi ọṣẹ àti omi fọ ibi tí abẹ́rẹ́ bá gún, kó máa fi ìpara pa apá kí awọ rẹ̀ má baà là, kí ọmọṣẹ́ máa bá a da èédú, kó sì máa sùn nínú nẹ́ẹ̀tì nítorí ẹ̀fọn. Bí apá bá pọ́n, tó gbóná, tí ibà sì tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí apá bá sì ti wú, wọ́n á fi báńdéèjì tàbí ìbọ̀pá tó fún dì í, físíò á sì fi ọwọ́ darí omi náà lọ síbi tí ọ̀nà ṣì ṣí. Ìfọwọ́ra yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má tẹ ara rárá. Kò jọ èyí tí a ń fi agbára ṣe, tí egungun á máa dún.

Fún ọdún púpọ̀, ohun tí wọ́n ń sọ fún irú obìnrin yìí ni pé kó má ṣe fi apá náà gbé ohunkóhun. Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa ṣe fún alátà tàbí aránṣọ ní Challenge. Ní ọdún 2009, Kathryn Schmitz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania tẹ èsì ìwádìí kan jáde. Obìnrin 141 tí apá wọn ti wú ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún kan. Àwọn kan ń gbé irin wíwúwo lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ lójú ẹni tó mọṣẹ́, àwọn yòókù kò gbé e. Ìpín 14 nínú 100 àwọn tó ń gbé irin ni wíwú apá wọn tún ru sókè, ó sì tó 29 nínú 100 láàárín àwọn tí kò gbé e. Iṣẹ́ tí a bá fi ọgbọ́n bẹ̀rẹ̀, tí a sì ń fi kún un ní pẹ̀lẹ́, ń dáàbò bo apá. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí jẹ́ fún ẹni tó ń fi apá jẹun.

Àárẹ̀ tún wà, irú èyí tí oorun kì í wò. Àwọn oògùn kan nínú kímò sì máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́, tí àtẹ́lẹsẹ̀ kò fi ní mọ pẹ́dà máṣíìnì mọ́. Ètò á ní kó máa yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́, kó yẹra fún sílípáàsì tó ń yọ̀, kó sì dìde rìn. Ìrìn ni oògùn tó dára jù fún àárẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ dà bí ọ̀rọ̀ tí kò bọ́gbọ́n mu létí ẹni tó rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà dámọ̀ràn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kó sì tó oṣù méjì sí mẹ́ta. Ìdájí dára fún un ní Challenge, kí oòrùn tó mú, kí ọkọ̀ tó kún títì. Ní ọdún 2025, èsì ìwádìí ńlá kan jáde lórí ẹni 889 tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ìfun fún, tí wọ́n sì ti gba kímò tán. CHALLENGE ni wọ́n ń pe ìwádìí náà, orúkọ kan náà pẹ̀lú àdúgbò wa. Àwọn tí wọ́n fún ní olùkọ́ tó ń darí eré ìdárayá wọn fún ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 90 nínú 100 wọn ló ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ. Láàárín àwọn tí wọ́n kàn fún ní ìwé ìmọ̀ràn, 83 ni. Wọ́n fi eré ìdárayá gba ẹ̀mí là.

Irú jẹjẹrẹ kọ̀ọ̀kan ló ní ètò tirẹ̀. Ọkùnrin tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ prostate, ìyẹn kókó tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, fún lè máa tọ̀ sára, kó sì dákẹ́ nítorí ìtìjú. Ìdárayá wà fún iṣan tó ń dá ìtọ̀ dúró, wọ́n sì lè kọ́ ọ lórí àga láìbọ́ aṣọ. Ẹni tí wọ́n yọ gògóńgò rẹ̀ nílò ẹni tí yóò kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn láti sọ̀rọ̀. Ẹni tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń gba ikùn jáde sínú àpò nílò nọ́ọ̀sì tó lè kọ́ ọ bí yóò ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀, kó lè wọkọ̀ lọ sí Èkó láìsí ìbẹ̀rù. Bí wọn kò bá bi wọ́n, wọn kò ní sọ. Ètò tó dára kì í dúró kí aláìsàn tó la ẹnu.

Ọkàn pẹ̀lú ní ìpín nínú rẹ̀. Fitzhugh Mullan, dókítà ará Amẹ́ríkà tí jẹjẹrẹ mú òun fúnra rẹ̀, kọ̀wé ní ọdún 1985 pé ẹni tó bá là á já ń gba ìgbà mẹ́ta kọjá: ìgbà tí wọ́n ń tọ́jú àrùn, ìgbà tí ìtọ́jú parí tí ìbẹ̀rù sì gbilẹ̀, àti ìgbà tí ọkàn balẹ̀. Ìgbà kejì yẹn ló ṣòro jù, nítorí àlejò ti dẹ́kun wíwá, owó ti tán, àyẹ̀wò oṣù tó ń bọ̀ sì ń dẹ́rù bani. Obìnrin wa á máa wo ara rẹ̀ nínú dígí, á máa ro bí ọkọ òun ṣe ń wo òun. Ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá rí ló mọ ohun tó yẹ kó sọ fún un. Mo mọrírì ohun tí Betty Anyanwu-Akeredolu ṣe ní Ìbàdàn ní ọdún 1997: lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ọyàn mú òun fúnra rẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀, kí obìnrin lè rí obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Àwọn aránṣọ náà lè ṣe tiwọn. Kọ́mú tí a rán àpò sí nínú, tí ọyàn àtọwọ́dá lè jókòó sí, kò ju iṣẹ́ ọ̀sán kan lọ fún ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n.

Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ọ̀rọ̀ yìí. Ilé ìwòsàn UCH ní Orítamẹ́fà ṣílẹ̀kùn ní ọdún 1957. Ní ọdún 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ níbẹ̀, kí ìlú lè mọ iye ẹni tó ń mú àti irú èyí tó ń mú wọn. Iṣẹ́ físíò fúnra rẹ̀ wọ Nàìjíríà ní Ìgbóbì, ní Èkó, ní ọdún 1945, nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Yunifásítì Ìbàdàn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní iṣẹ́ náà dé ipele dígírì ní ilẹ̀ wa, ní ọdún 1966. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláìtán Ṣóyannwò, tó jẹ́ dókítà tó ń kunni lóorun fún iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ ìtọ́jú ìrora àti ìtura múlẹ̀ ní UCH, kí a má baà fi ẹni tí kò ní gbádùn tán sílẹ̀ nínú oró. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí kì í sábà hàn nínú ìwé ìròyìn. Ògiri, téèpù àti sùúrù ni irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì ti fi wọ́n dá ọ̀pọ̀ èèyàn padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ohun tó kù ni pé kí a so gbogbo rẹ̀ pọ̀ sórí ìwé kan. Ní ọdún 2005, àjọ Institute of Medicine ní Amẹ́ríkà dámọ̀ràn pé kí gbogbo ẹni tó bá parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ gba ìwé ètò lọ sílé: irú àrùn tó ní, ìtọ́jú tó gbà, ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, àyẹ̀wò tó kàn àti ìgbà tó kàn, ìdárayá tí yóò máa ṣe, àti ẹni tí yóò pè bí nǹkan bá yí padà. Ìwé yẹn ṣe pàtàkì lọ́dọ̀ wa jù bó ti ṣe lọ́dọ̀ wọn. Láti Challenge dé Orítamẹ́fà, àárín ìgboro ni èèyàn yóò là kọjá nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, owó ọkọ̀ àti ọjọ́ ọjà kan á sì lọ sí i. Ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ sì wà nítòsí ní Ring Road. Bí ìwé ètò bá wà lọ́wọ́ aláìsàn, òṣìṣẹ́ ìlera tó wà nítòsí rẹ̀ lè fi téèpù wọn apá, kó wo awọ rẹ̀, kó sì dá a padà sí UCH kìkì nígbà tó bá yẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní ìyá, bàbá, ọkọ tàbí aya tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ lọ́wọ́, ẹ má ṣe dúró de kímò ìkẹyìn. Ẹ ní kí wọ́n fi yín mọ físíò kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹni yín ń ṣe àti ohun tó fẹ́ padà sídìí rẹ̀. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kó rìn, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tí agbára rẹ̀ ká, ẹ má fi ìkẹ́ dá a jókòó. Ẹ sì béèrè ìwé ètò náà kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, nítorí ẹ̀tọ́ aláìsàn ni, kì í ṣe oore tí ẹnikẹ́ni ń ṣe é.